Ooru, Owó àti Eré Orí Kọ̀ǹpútà: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ará Àkúrẹ́ àti Ońdó

Ohun tí a ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí ni bí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè mú kí kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀ gbé géèmù dáradára, láìjẹ́ pé ooru sọ ọ́ di aláìlera. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin àgbà yóò ti máa wí nínú ara yín pé kí ni àgbà ń wá nínú eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan náà tí ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí gíláàsì lálẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA fi ń ya àwòrán ilé lọ́sàn-án, òun náà ni ayàwòrán ìgbéyàwó fi ń to fídíò pọ̀ ní ọjọ́ Ajé, ohun tí ó sì ń fà á sẹ́yìn nínú eré ni ó ń fà á sẹ́yìn nínú iṣẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ifẹ̀; ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Kí n tó wọ inú rẹ̀, ó yẹ kí n dárúkọ ẹnì kan tí a bí ní ìlú Àkúrẹ́ ní ọjọ́ 23, oṣù kẹjọ, ọdún 1954, èyíinì ni Philip Emeagwali, ọmọ Igbo. Oríṣiríṣi ni ẹnu ayé ti sọ nípa rẹ̀, wọ́n fi kún un, wọ́n sì yọ kúrò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó dájú, tí kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀, ni pé ó gba ẹ̀bùn Gordon Bell ti ọdún 1989 ní Amẹ́ríkà, nítorí iṣẹ́ ìṣirò nípa epo rọ̀bì abẹ́ ilẹ̀ tí ó fi ẹ̀rọ kan tí prósẹ́sọ̀, èyíinì ni ọpọlọ ìṣirò, inú rẹ̀ jẹ́ 65,536 ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi orúkọ ọkùnrin yìí yangàn kì í bèèrè ìpín tí a ti fún un ní ẹ̀bùn náà. Ìpín tí a fi ń wọn iye iṣẹ́ tí a rí gbà lórí iye owó tí a ná ni. Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí a gbé ka iwájú wa lónìí: kí ni náírà kọ̀ọ̀kan tí a bá ná lórí ẹ̀rọ yìí yóò rí gbà fún wa? Èsì tí èmi rí sí i ni pé, ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, náírà tí a fi lé ooru jáde kúrò nínú ẹ̀rọ ni ó ń kọ́kọ́ pa èrè wálé, lẹ́yìn rẹ̀ ni ti àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ẹ̀rọ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa. Tòkunbọ̀ ni. Ọ́fíìsì kan ní ìlú Òyìnbó ti lo Dell OptiPlex tàbí HP EliteDesk fún ọdún mélòó kan, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó wọ inú kọ̀ǹténà, ó gba Èkó wọlé, ó kọjá ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó tó gúnlẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà Ọba Adésidà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Yaba ní ìlú Ońdó. Nígbà púpọ̀, prósẹ́sọ̀ tí a ń bá nínú rẹ̀ ni Intel Core i5 irú ti ọdún 2014, bí i i5-4590, tí ó ní kọ́ọ̀ mẹ́rin, tí a sì ṣe ìtutù rẹ̀ fún wáàtì 84. Ẹ má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. GTA V tí ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2015 kò tóbi jù fún un, FIFA àtijọ́ kò sì lè dẹ́rù bà á, bí a bá tọ́jú rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù ni a ṣe é fún, ìwé kíkọ àti ìṣirò owó ni a sì rò pé yóò máa ṣe. A kò ronú nípa yàrá kan ní Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Ọ̀kà ní Ońdó, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iná ti lọ láti òwúrọ̀, tí òòrùn sì ti gun páànù títí.

Ohun méjì ni ó yẹ kí a mọ̀ nípa ooru yìí, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìdí àrùn ni í mọ egbòogi rẹ̀. Èkíní ni pé gbogbo iná mànàmáná tí prósẹ́sọ̀ àti káàdì àwòrán bá jẹ, ooru ni ó ń dà. Kò lọ ata, kò fa omi, kò gbé ẹrù, nítorí náà kò sí ibòmíràn tí agbára náà lè gbà jáde. Wáàtì 84 tí ó wọlé, ooru wáàtì 84 ni yóò tú sínú àpótí ẹ̀rọ. Èkejì ni pé fáànù kò lè mú ohunkóhun tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ. Bí yàrá ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù bá wà ní dígírì 20, tí yàrá tiwa sì wà ní 34 ní ọ̀sán oṣù kẹta, a ti fi dígírì 14 ṣáájú kí a tó tan ẹ̀rọ. Prósẹ́sọ̀ tí ìbá dúró ní 75 níbẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 89 níhìn-ín. Fi eruku ọ̀yẹ́ kún un, fi ọ̀rá ìgbooru tí ó ti gbẹ lábẹ́ irin ìfaooru, irin tí ń fa ooru kúrò lórí prósẹ́sọ̀, kún un, ó di 100. Ibẹ̀ sì ni ààlà tí a pa fún ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel. Bí ó bá ti kan ààlà náà, òun fúnra rẹ̀ yóò dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jóná.

Ẹni tí ń gbá géèmù kò ní mọ̀ pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ohun tí yóò rí ni pé fún ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ eré ń lọ geerege, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í há, àwòrán ń dúró, bọ́ọ̀lù ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, yóò sì bú ẹni tí ó tà á fún un, yóò bú íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó jọ láti ra òmíràn. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé tálákà nìkan ni ooru ń bá jà, nítorí nígbà tí Seymour Cray gbé ẹ̀rọ ńlá rẹ̀ Cray-2 jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1985, inú omi kẹ́míkà tí kì í gbé iná, tí a ń pè ní Fluorinert, ni wọ́n ri gbogbo ara ẹ̀rọ náà sí, nítorí afẹ́fẹ́ kò lè tù ú mọ́. Láti ìgbà tí ayé ti ń ṣe ẹ̀rọ ìṣirò, ibi tí a lè lé ooru dé ni ibi tí eré ẹ̀rọ lè sá dé.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwò, kì í ṣe rírà. Àwọn ètò ọ̀fẹ́ wà, bí HWiNFO àti HWMonitor, tí ń fi ìwọ̀n ooru àti eré prósẹ́sọ̀ hàn. Kí a tan ọ̀kan nínú wọn, kí a gbá géèmù tí ó wúwo jù lọ lọ́wọ́ wa fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí a sì padà wá ka ohun tí ó kọ sílẹ̀. Bí ooru bá gòkè kọjá 90, tí eré prósẹ́sọ̀ sì ń wálẹ̀ bí àkókò ti ń lọ, ooru ni àrùn náà. Bí ooru bá dára, ṣùgbọ́n tí káàdì àwòrán ń ṣiṣẹ́ dé 99 nínú 100 nígbà tí prósẹ́sọ̀ sinmi díẹ̀, káàdì ni kò tó. Bí káàdì bá ń sinmi tí prósẹ́sọ̀ kò sì rí ìsinmi, prósẹ́sọ̀ ni ó rẹ̀. Bí RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí, bá kún dẹ́nu, RAM ni. Ẹni tí kò bá ṣe àyẹ̀wò yìí, tí ó wá lọ ra káàdì olówó iyebíye fún ẹ̀rọ tí ooru ń pa, yóò tún rí i pé káàdì tuntun náà mú ooru tirẹ̀ wá kún ti tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ooru ni, gbígbá eruku ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀yẹ́ a máa gbé eruku láti apá òkè wá bá wa láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, títì tí a kò tíì da ọ̀dà sí a sì fi tirẹ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ ni fáànù ń fà wọlé, tí ó ń dì mọ́ àárín àwọn ìpele irin ìfaooru, títí tí atẹ́gùn kò fi ní rí ọ̀nà kọjá. Kí a yọ wáyà kúrò lára iná pátápátá, kí a gbé ẹ̀rọ lọ sí ìta, kí a fi ọwọ́ kan irin ara àpótí rẹ̀ kí iná ara wa má baà ba àwọn ẹ̀yà kéékèèké jẹ́, kí a wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tí ó mọ́ gbọn eruku náà, kí a sì fi bulówà fẹ́ ẹ dànù. Ẹni tí ó ń lo bulówà gbọ́dọ̀ fi ìka di apá fáànù mú, nítorí bí atẹ́gùn bá yí i kọjá eré tí a dá mọ́ ọn, ó lè bàjẹ́. Lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta tó nígbà òjò. Nígbà ọ̀yẹ́, kí a ṣe é lóṣooṣù. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Lẹ́yìn eruku ni ọ̀rá tí ó wà láàrin prósẹ́sọ̀ àti irin ìfaooru, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní thermal paste. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí àwọn ihò tín-tìn-tín tí ojú kò rí lára irin méjèèjì, kí afẹ́fẹ́ má baà há síbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ kì í gbé ooru dáradára. Ẹ̀rọ tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá, tí a kò tíì ṣí i rí, ọ̀rá inú rẹ̀ ti lè gbẹ di ẹ̀tù. Kí a fi isopropyl alcohol nù ún kúrò títí irin yóò fi mọ́, kí a fi ọ̀tun tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ sí àárín, kí a sì dé irin ìfaooru padà, kí a máa dè é ní igun sí igun kí ó lè jókòó dọ́gba. Iye tí a ń ta ọ̀rá yìí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a ń ta káàdì, síbẹ̀ lára ẹ̀rọ tí a ti pa tì, kò sí owó kékeré tí ń ṣiṣẹ́ tó o.

Ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà ni ó tẹ̀lé e, níhìn-ín ni mo sì fẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àwọn baba wa. Ẹ lọ wo ààfin Déjì àtijọ́ ní Àkúrẹ́: ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, àgbàlá rẹ̀ pọ̀, àárín àgbàlá kọ̀ọ̀kan sì ṣí sí ojú ọ̀run, tí afẹ́fẹ́ gbígbóná fi ń rí ibi gòkè lọ, tí èyí tí ó tutù sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọlé dípò rẹ̀. Bákan náà ni inú àpótí kọ̀ǹpútà: iwájú ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà wọlé, ẹ̀yìn àti òkè ni gbígbóná ń gbà jáde, bí a bá sì dí ọ̀kan nínú méjèèjì, èkejì kò wúlò. Nítorí náà, kí ẹ̀yìn ẹ̀rọ jìnnà sí ògiri tó ìbú ọwọ́ kan ó kéré tán. Kí a má ṣe tì í mọ́ inú àpótí abẹ́ tábìlì. Kí a má sì gbé e lé orí kápẹ́ẹ̀tì. Bí ààyè bá wà nínú àpótí fún fáànù kan sí i, kí a fi í sí ibi tí yóò ti bá ti àtijọ́ ṣọ̀rẹ́, kì í ṣe ibi tí wọn yóò ti máa fẹ́ lu ara wọn. Ní ti àwọn tí ń ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu, tí wọ́n gbé fáànù onídùúró tì í, mo gbà pé ooru lè lọ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n eruku tí wọ́n ń fẹ́ wọlé yóò gba èrè náà padà lọ́wọ́ wọn kí oṣù tó parí.

Títí di ìhín, owó tí a ná kò tíì tó nǹkan. Ìpele kejì kò tilẹ̀ ní owó nínú rárá, òun ni títún ètò inú géèmù ṣe. Àwòrán tí ó fẹ̀ ní 1920 tí ó ga ní 1080 ní àmì 2,073,600 tí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ yà ní ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tí ó fẹ̀ ní 1280 tí ó ga ní 720 ní 921,600 péré. Ẹni tí ó bá ti ti èkíní bọ́ sí èkejì ti gbé ju ìdajì ẹrù kúrò lórí káàdì rẹ̀. Kí a dín òjìji kù, nítorí ó wà lára ohun tí ń jẹ agbára jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ilé iṣẹ́ AMD gbé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní FSR jáde, tí ń ya àwòrán ní kékeré tí ó sì ń fẹ̀ ẹ́ kí ó tó dé ojú wa, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ káàdì àtijọ́, títí kan ti Nvidia. Bí géèmù bá ní i, kí a tàn án. Lẹ́yìn náà, kí a fi òté lé iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́nítọ̀ tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa kì í fi ju 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ tí ń ya 110 fún un ń fi 50 sọ́nù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ooru nìkan ni ẹni tí ó ni ín sì ń jẹ lérè.

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ra díẹ̀ lè lo ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ MSI Afterburner láti dín fóltéèjì káàdì àwòrán kù. Bí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀, agbára tí káàdì ń jẹ ń lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí a bá mú un láti 1.05 wá sí 0.95, tí eré rẹ̀ kò sì yí padà, agbára náà dín ní bí 18 nínú 100. Díẹ̀díẹ̀ ni kí a máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí a sì máa dán an wò nínú eré, nítorí bí ó bá kéré jù, géèmù yóò kú lójijì.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni rírà kàn. Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí RAM, nítorí àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ni ó ń ṣe ikú pa wọ́n. RAM kan ṣoṣo tí ó jẹ́ 8GB kò lè ṣe bí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4GB, nítorí ọ̀nà méjì ni prósẹ́sọ̀ ní sí RAM, bí a bá sì lo ọ̀kan, a ti ti èkejì pa. RAM irú DDR3 tí eré rẹ̀ jẹ́ 1600 ń gbé 12.8GB ní ìṣẹ́jú àáyá lójú ọ̀nà kan, 25.6GB lójú méjì. Ẹni tí kò ní káàdì àwòrán, tí ara prósẹ́sọ̀ ni àwòrán rẹ̀ ti ń wá, yóò rí ìyàtọ̀ náà gedegbe, nítorí inú RAM kan náà ni àwòrán ti ń jẹun. SSD, ibi ìpamọ́ tí ó yára, dára púpọ̀, ó ń jẹ́ kí géèmù tètè ṣí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má retí pé yóò fi àwòrán kún ìṣẹ́jú àáyá.

Ní ti káàdì àwòrán, ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́ rẹ̀. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ nínú ẹ̀rọ kò lè fún un ju wáàtì 75 lọ, páwà páàkì OptiPlex 9020 kékeré sì jẹ́ wáàtì 255 péré, láìsí wáyà àfikún fún káàdì. Káàdì tí kò bèèrè wáyà ni ó yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀: GTX 1050 Ti ti ọdún 2016 tàbí GTX 1650 ti ọdún 2019, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 75, tàbí RX 6400 ti ọdún 2022 tí ó jẹ́ 53. Kí a wo gíga àpótí kí a tó sanwó, nítorí èyí tí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ kì í gba káàdì gíga. Kí a sì béèrè lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù bóyá irú 1650 tí ó mú dání nílò wáyà, nítorí àwọn kan nílò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú. Àwọn ẹlẹ́tàn ń mú káàdì Nvidia àtijọ́ tí agbára rẹ̀ ti tán, wọ́n ń yí orúkọ inú rẹ̀ padà sí 1050 Ti, Windows yóò sì gbà wọ́n gbọ́. Láti ọdún 2018 ni ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ GPU-Z ti ń tú wọn fó. Kí a ní kí oníṣọ́ọ̀bù tan GPU-Z lórí káàdì náà níwájú wa kí owó tó kúrò lápò.

Kò yẹ kí n kúrò níhìn-ín láì fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ iná. Iná tí ń ga tí ń rẹlẹ̀ ń ba páwà páàkì jẹ́, nítorí náà stabilizer tàbí UPS kì í ṣe afẹ́. Nígbà tí a gbé owó iná àwọn oníbàárà tí ó wà ní ìpele Band A ga ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni wọ́n pe yúníìtì kan. Kọ̀ǹpútà àti mọ́nítọ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ wáàtì 200 yóò fi wákàtí márùn-ún jẹ yúníìtì kan tán. Bí a bá ti fi òté àti fóltéèjì tí mo sọ mú un wá sí 150, yúníìtì kan náà yóò gbé e dé wákàtí mẹ́fà àti ogójì ìṣẹ́jú. Wáàtì tí kò wọlé kò lè di ooru, a kò sì ní san owó rẹ̀, ì báà jẹ́ fún ilé iṣẹ́ iná tàbí fún ẹni tí ń ta epo jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú tí Ògún Lákáayé ti ń gba ọ̀wọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í sá fún irin, ẹ má jẹ́ kí irin kékeré yìí dẹ́rù bà yín. Ẹ mú screwdriver, ẹ ṣí i, ẹ wò ó, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ fi ẹ̀rọ tí ó ti kú ní ilé ẹ̀kọ́ yín kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bí a ṣe ń pààrọ̀ ọ̀rá àti bí a ṣe ń to RAM. Iṣẹ́ oúnjẹ ni fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá wá bá yín pé kọ̀ǹpútà òun ti gbó, pé kí ẹ ra òmíràn, ẹ má tètè bínú, ẹ má sì tètè sanwó. Ẹ ní kí ó lọ gbá eruku inú rẹ̀, kí ó pààrọ̀ ọ̀rá rẹ̀, kí ó fi ìwọ̀n ooru rẹ̀ ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú hàn yín. Bí ó bá ṣe é tán tí ẹ̀rọ náà kò tíì tó, nígbà náà ni kí ẹ tó bu owó.